Ata Ìyá Àgbà àti Iyọ̀ Tó Kù Díẹ̀

Òórùn ata díndín ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé Ìyá Àgbà kò tíì lọ tán. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán, mo ń wá ẹsẹ̀ bàtà mi kan tí ajá gbé lọ, ni òórùn náà bá yọ láti ẹ̀yìnkùlé: epo pupa tó ti gbóná dáadáa, àlùbọ́sà, irú, lẹ́yìn náà ata fúnra rẹ̀. Mo lọ wò ó. Ilé ìdáná wà ní títì pa, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò Kámọ́rù tó ṣì ń sùn. Mo fi ọwọ́ kan ògiri. Ó tutù. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi gbọ́ ọ nínú ilé tó ṣófo náà, ìpọnbẹ̀ lára ẹnu ìkòkò, ẹ̀ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. Bó ṣe máa ń pè mí pé kí n wá tọ́ iyọ̀ wò nìyẹn.

Mo sọ fún wọn nínú ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú sí wọn. Èmi náà ni mo sọ fún wọn lọ́dún kan pé mo bá ìnàkí ta ayò nínú oko kòkó wa, pé mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pé nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni inú bí i tó da ọmọ ayò nù. Ẹni tó ti sọ irú èyí fún ènìyàn, ta ni yóò gbà á gbọ́ tó bá ní òkú ń dín ata?

Ìyá Àgbà ló bí ìyá mi. Ìyá Sàráfátù ni gbogbo àdúgbò wa, Òkè-Ògbó, ń pè é, Sàráfátù sì ni ìyá mi, tí òun náà ti ṣaláìsí tipẹ́. Ó kéré nígbà tó bí ìyá mi, ìyá mi náà kéré nígbà tó bí mi. Ìdí nìyẹn tí èmi arúgbó, tí eyín mi ń kó kúrò lẹ́nu mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ayálégbé, fi ní ìyá àgbà títí di ọdún yìí. Àwọn kan ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun ní ẹni àádọ́rin ni òun. Mo ní, "Ìyá, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin." Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ tù mí lára. Sún mọ́ mi kí ìwọ náà jókòó."

Kámọ́rù tí mo dárúkọ yẹn ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, àbúrò ìyá mi. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ, nítorí náà Bọ̀dá Làmídì ló ń pè mí, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀rọ̀ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sínú àwọn yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlùfáà ti jẹun tán tí wọ́n ti lọ, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bọ̀dá, ilé ìdáná yẹn, mo fẹ́ wó o. Yàrá méjì ni ilẹ̀ ibẹ̀ máa gbà, kálukú pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tiẹ̀."

"Ilé ìdáná Ìyá?"

"Ta ló tún fẹ́ dáná níbẹ̀? Gáàsì ni gbogbo wa ń lò."

"Èmi ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ kí omi jóná lọ́jọ́sí?"

Òótọ́ ni. Omi jóná mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ìkòkò náà sì wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tẹnu mọ́ ọn pé èmi ni. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó ní, "Ó dáa. Ní ogójì ọjọ́, ẹ̀kuru la máa fi ṣe sàárà, nítorí òun ni ìyá wa fẹ́ràn. Àwọn ìyàwó ilé á se ẹ̀kuru. Ẹ̀yin ẹ dín ata. Mo máa tọ́ ọ wò. Tó bá jẹ́ ata ìyá wa, mi ò ní fọwọ́ kan ilé ìdáná náà títí mo fi máa kú. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, bíríkìlà á dé lọ́jọ́ kejì."

Mo gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ òórùn. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri àti páànù mọ́ lọ́kàn mi. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, tí wọ́n bá wó ilé náà, níbo ló máa dúró sí?

Ẹni tí kò bá jẹ ata rẹ̀ rí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ̀kuru kò ní epo, kò ní iyọ̀, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ tí a lọ̀, tí a pọ́n sínú ewé tí a sì sè ni. Ó funfun, ó sì dákẹ́ lẹ́nu bí àlejò. Ata ló ń mú un sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà máa ń dín ata náà láti àárọ̀ títí òòrùn yóò fi wọ orí páànù, lórí iná igi, títí yóò fi dúdú tí epo yóò fi léfòó sókè. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sápá ààfin, àwọn tó ń tajà ní Ẹnuwá á máa sín. Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó sín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, tó gbé e dé, tó tún sín, tí fìlà fi wọ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá, kẹ̀kẹ́ náà sì gbé e lọ sí Ìpetumodù. Mo ní ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí náà ti kú ṣá. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ata rẹ̀ ń da ìlú láàmú, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n fọn imú wọn, kí wọ́n máa bọ̀ wá jẹun."

Òun àti Kámọ́rù jà lórí iná. Kámọ́rù ra sítóòfù gáàsì olójú mẹ́rin fún un, ó gbé e wọlé pẹ̀lú ìdùnnú. Ìyá Àgbà dúpẹ́, ó ṣàdúà, ó sì kó gàrí sínú ibi tí wọ́n ti ń yan nǹkan nísàlẹ̀ rẹ̀ nítorí pé eku kò lè wọ ibẹ̀. Odidi ọdún kan, kò tan án. Kámọ́rù bínú, ó ní èéfín máa pa á. Ìyá Àgbà ní, "Kámọ́rù, iná tí kò ní èéfín, kí ni yóò rí bá ọbẹ̀ sọ?" Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Èmi ni wọ́n ń rán síra wọn, mo sì ń fi tèmi kún un lójú ọ̀nà. Mo sọ fún Kámọ́rù pé ìyá rẹ̀ ní ó ti ń sanra jù. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé Kámọ́rù ti ra sítóòfù kejì. Ìgbà tí wọ́n wá jókòó pọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì dojú kọ mí, ìjà wọn sì parí síbẹ̀.

Ohun tí Kámọ́rù kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ilé yàtọ̀ sí èmi, ni mo fẹ́ sọ báyìí, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ní kí n dákẹ́ ti lọ.

Ó ti tó ogún ọdún ó lé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ akérò sílẹ̀ ni, mo padà wálé, mo ní ìyàwó mi ló lé mi jáde, àmọ́ ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé èmi ni mo sọnù. Ibà kan kọ lu Ìyá Àgbà, ó dá a wó fún odidi oṣù kan. Nígbà tó dìde, ahọ́n rẹ̀ kò bá a dìde. Ó pè mí sí ilé ìdáná, ó fi nǹkan funfun sí àtẹ́lẹwọ́.

"Làmídì, kí ni èyí?"

Mo lá a. "Iyọ̀ ni."

Ó fi sẹ́nu, ó ń yí i kiri lẹ́nu, ó tu ú dànù. "Èmi ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí mo ti dìde, iyanrìn ni gbogbo nǹkan lẹ́nu mi."

Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní a ti lọ, wọ́n ti fún un ní oògùn, oògùn náà sì dà bí iyanrìn. Ó gbé ìka sókè. "Sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí itan àgbò Iléyá ìjọ́sí."

Mo pa ẹnu mọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Yóò dín ata, yóò fi ìka mẹ́ta mú iyọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò fi ìpọnbẹ̀ kan ẹnu ìkòkò, èmi náà yóò sì sáré wọlé. Yóò bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ègé ẹja gbígbẹ kan. "Iyọ̀ ńkọ́?" Èmi yóò jẹ ẹja náà, n ó di ojú bí ẹni tó ń ronú, n ó ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Yóò fi ìka mẹ́ta mú iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò rò ó, yóò tún bù fún mi, pẹ̀lú ẹja mìíràn. Ìgbà náà ni mo máa ń ní ó ti tó. Nínú gbogbo ogún ọdún náà, kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ pé ó tó lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ wò rí láyé mi. Ẹja ni mo ń tọ́ wò.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Kámọ́rù jẹ ata náà, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyá, iyọ̀ ti pọ̀ jù." Ìyá Àgbà wò mí fún ìgbà pípẹ́. Mo ń wo òrùlé. Ó kọjú sí Kámọ́rù, ó ní, "Mu omi." Ẹnikẹ́ni kò tún ráhùn iyọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì rò pé ẹnu wọn ló ti mọ́ ọn lára.

Ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ tí kò ní orúkọ. Kí ibà náà tó dé, obìnrin tó ń se bí ìyá rẹ̀ ṣe sè é ni. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tí kò dán wò. Ó fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ro ẹ̀fọ́. Ó fi irú àti pọ̀nmọ́ se sùpàgẹ́tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù fi píísà hàn án, ó wò ó, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe yé òun, ló bá gún iyán, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú agbada, ó da ẹ̀gúsí àti wàrà lé e lórí, ó fi ẹyin iná yí i ká. Mo jẹ nínú rẹ̀. Mo sùn fún ọjọ́ méjì, mo lá àlá pé mo di ọba ìlú kan tí kò ní ènìyàn. Ọmọ kan wà lára àwọn ayálégbé, Tóyìn, tó ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, òun ló máa ń béèrè pé, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?" Yóò ní, "Ẹnu mi ló rán mi."

Eré ni mo kà á sí. Àfi ọjọ́ kan tí a kó kòkó tútù dé láti oko. Ó fún omi dídùn ara hóró kòkó sínú abọ́, ó fi se ẹja pẹ̀lú ata rodo. Ó fi ìka kàn án, ó fi sẹ́nu. Bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo nǹkan nìyẹn, kí ó lá a, kí ó mi orí, kí ó fi abọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn kò mi orí. Ó di ògiri mú. Ó ní, "Ó kàn mí láhọ́n, Làmídì." Ó tún fi ìka bọ̀ ọ́, ó tún lá a, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà bí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ. "Ó ti lọ. Bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tí kò dúró dè mí."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe eré. Gbogbo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbogbo sùpàgẹ́tì, gbogbo iyán tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, ó ń wá ohun kan ṣoṣo tó lè dé ọ̀dọ̀ òun ni. Ó ń se ata fún odidi àdúgbò, gbogbo ènìyàn ń lá ìka, òun nìkan sì jókòó síta.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi mọ irú ẹni tó jẹ́, ọjọ́ tí Tóyìn ṣàìsàn ni mo máa mú. Ibà ṣe ọmọ náà, kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní gbogbo nǹkan ń korò lẹ́nu òun. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó bi í léèrè bó ṣe korò, bóyá bí ewúro ni àbí bí eérú. Ó dìde, ó dáná. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ mẹ́jọ ló sè. Èmi ni mo ń gbé e lọ, èmi ni mo ń gbé e bọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná, ọmọ náà kọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́, ó kọ̀ ọ́. Ìkẹjọ ni ẹja tó fi omi kòkó sè, tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó sì lá abọ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n.

"O mọ̀ ọ́n lẹ́nu?"

"Ó dùn, Ìyá. Ẹ ṣeun, mà."

Ìyá Àgbà jókòó sórí ilẹ̀. Ó ní, "Sọ bó ṣe dùn fún mi."

Ọmọ náà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí. Ìyá Àgbà ń gbọ́, ó sì ń gbé nǹkan mì.

Ìyá Àgbà kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà tó ń bó lórí itan. Ìdajì ẹ̀wà náà ni èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí a ń fi irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí náà mo bó ìyókù.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Kámọ́rù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ata díndín. Ìkòkò àkọ́kọ́ jóná débi pé adìyẹ kò sún mọ́ ọn. Ìkejì kò jóná, ṣùgbọ́n omi ni. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ó tó dúdú bí tirẹ̀ tí epo fi léfòó. Láàárín gbogbo rẹ̀, òórùn tirẹ̀ ń wá láràárọ̀ kí n tó dáná, ìpọnbẹ̀ náà sì ń kan ìkòkò. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn, eérú tútù ni mo máa ń bá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Ìyá, ẹ káàárọ̀. Èmi náà nìyí."

Nígbà tó di ọjọ́ ogójì, mo ti pinnu ohun kan. Mo ti jí ẹja rẹ̀ jẹ fún ogún ọdún. Ata sàárà rẹ̀ ni èyí, mi ò fẹ́ kí irọ́ mi wọ inú rẹ̀. Mo máa fi iyọ̀ sí i bí ọwọ́ òun tìkára rẹ̀ ṣe ń fi sí i: ìka mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò gbọdọ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Lójú, ata rẹ̀ ni. Ní imú, ata rẹ̀ ni. Mi ò tọ́ ọ wò, nítorí ojú ń tì mí.

Kámọ́rù wọlé pẹ̀lú ẹ̀kuru kan nínú ewé. Àwọn àlùfáà ti wà níta, àdúrà ti ń lọ. Ó bu ata sí i, ó jẹ ẹ́, ó dúró. Ó tún jẹ ẹ́. Mo ń wo ògiri tí bíríkìlà máa kọ́kọ́ lù.

"Bọ̀dá," ó ní, "ata ìyá wa ni."

Mo na ọwọ́ sí ìdérí ìkòkò.

"Àmọ́ bó ṣe máa ń rí tí ẹ ò bá sí nílé ni."

"Báwo?"

"Ẹ ò mọ̀ ni? Tí ẹ bá rìnrìn àjò, iyọ̀ kì í tó nínú ọbẹ̀ ìyá wa. Gbogbo wa la mọ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní, 'Ti Làmídì ló kù. Tó bá dé, á ní ó kù díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró dè é, kó bu iyọ̀ sí ti ara rẹ̀.'"

Mo rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, bó ṣe wò mí, tó ní kí Kámọ́rù mu omi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iye iyọ̀ tó yẹ ata, ó ti fi àádọ́ta ọdún sè é kí ahọ́n rẹ̀ tó lọ. Láti ọ̀sẹ̀ náà ló ti yọ ẹ̀ẹ̀kan kúrò nínú rẹ̀, tó fi ku ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́ kí n wá parọ́ rẹ̀ sí i.

Mo gba ìpọnbẹ̀. Mo fi kan ẹnu ìkòkò, kó, kó, kó. Mo bu ata sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi ẹja kan sí i, mo jẹ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo tọ́ iyọ̀ wò.

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá."

Mo fi ìka mẹ́ta mú iyọ̀ sí i, mo rò ó. Kámọ́rù ní, "Bọ̀dá, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná, níbi tí kò jókòó sí láti ìgbà ìjà gáàsì. Mo ní ẹlẹ́rìí lórí èyí, ẹlẹ́rìí náà sì wà láàyè. Ẹ lọ bi í ní Òkè-Ògbó.

Bíríkìlà kò dé. Ilé ìdáná wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò gbọ́ òórùn náà mọ́, ìpọnbẹ̀ náà kò sì kan ìkòkò mọ́. Mo máa ń kírun tán, n ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó tẹ́ imú àti etí sílẹ̀. Adìyẹ nìkan ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń dáná igi, mo máa ń dín ata. Mo máa ń fi ìka mẹ́ta mú iyọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta péré, n ó sì fi ìpọnbẹ̀ kan ẹnu ìkòkò. Lẹ́yìn náà, n ó bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré pẹ̀lú ègé ẹja kan, n ó gbé e ka orí àpótí Ìyá Àgbà, n ó sì dúró dè é.